Àwọn Ẹ̀wù Tó Ń Jókòó Dípò Yín

Màmá Ẹ̀wù ti kú. Orí àga ló kú sí, ní ìlà tó kẹ́yìn nínú ilé eré wa, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó kọjá, nígbà tí eré aláwàdà kan ń lọ lọ́wọ́ lórí ìtàgé. Ẹ̀wù adájọ́ kan ló jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Aṣọ ìyàwó ló jókòó sí òsì rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú àwọn méjèèjì tó lè figbe ta, torí kò sí ìkankan nínú wọn tó lẹ́nu.

Eré parí, àwọn òṣèré tẹríba, àwa díẹ̀ tá a wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n ń kó ẹ̀wù kúrò lórí àga, bí wọ́n ti máa ń ṣe lẹ́yìn gbogbo eré, ni òṣèré tí gbogbo wa ń pè ní Kábíyèsí dé ìlà tó kẹ́yìn. Ọba ló máa ń ṣe lórí ìtàgé. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn relé. Ó gbé Adájọ́ kọ́ apá. Ó nawọ́ sí kóòtù tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ ṣí fìlà orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ bá irun.

"Háà, Màmá! Ẹ dìde, a ti ṣe tán," ló wí. Ẹ̀rín ń pa á. "Ṣé ẹ̀yin náà ti wá di ẹ̀wù ni?"

Kábíyèsí sọ fún mi pé òun dúró síbẹ̀ pẹ́, tí òun ń retí kí Màmá ṣẹ́jú, torí obìnrin náà fẹ́ràn kó máa fini ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yé e pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú adé lórí, ó sì ń sunkún bí ọmọdé.

Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Mo gbà. Òun nìkan ni nǹkan tó daṣẹ́ sílẹ̀ rí lára obìnrin náà láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tèmi ni pé, ta ló di iṣẹ́ tó pọ̀ tó yẹn ru ọkàn kan ṣoṣo? Mo mọ àwọn kan tí mo fẹ́ bi léèrè. Wọ́n wà láyé, ara wọn le, wọ́n sì wá síbi ìdágbére rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó ńlá-ńlá. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú yín wọlé. Ilé eré wa kì í ṣe ilé ńlá. Ibi tí oníṣòwò kan ń kó kẹ̀kẹ́ pamọ́ sí ni tẹ́lẹ̀. Títí dòní, bí òjò bá rọ̀, òórùn gírísì a máa jáde lára ògiri. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó ẹnu ọ̀nà pé ẹgbẹ́ tí kì í ṣe torí èrè ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Èrè gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò yà síbẹ̀ rí. Wọn ò jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, kí ọmọ káfíńtà àti ọmọ lọ́yà lè jókòó pọ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n ò lè san owó ilé, kó san owó iná, kó tún òrùlé ṣe. Ìyókù, àwọn alátìlẹ́yìn ló yẹ kó gbé e. Ẹ bá mi fi "ló yẹ" yẹn sápò, a ó padà wá mú un.

Ẹ̀yìn ìtàgé ni yàrá Màmá Ẹ̀wù wà, yàrá tóóró kan tí irin ìfaṣọkọ́ gba àárín rẹ̀ kọjá. Òun ló ń rán gbogbo aṣọ eré, òun ló ń fọ̀ ọ́, òun ló ń lọ̀ ọ́. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò ní kọ́là rẹ̀. Bó o bá fẹ́ dì mọ́ ọn, o ní láti kọ́kọ́ tọrọ àyè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá fẹ̀jẹ̀ sanwó. Áyọ́ọ̀nù kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìgbà tó bá wù ú ló ń gbóná. Màmá a máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ tó ń ṣe ìkanra: "Jọ̀wọ́, bàbá mi, kọ́là kan péré ló kù. Tá a bá ti lọ èyí, o lè máa bínú ẹ lọ." Mo fojú mi rí i tí áyọ́ọ̀nù náà gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ẹ̀wù pupa tí Kábíyèsí fi ń jọba, aṣọ fèrèsé pálọ̀ Màmá ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, onídìrí tí ẹnu rẹ̀ mú ju òòyà lọ, ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn gún òun lójú, òun wo fèrèsé, òun sì kígbe pé olè ti jà wá. Màmá yọjú láti ibi ìdáná.

"Kì í ṣe olè. Ọba ló nílò ẹ̀."

"Ọba wo, Màmá? Ojú gbogbo àdúgbò ti wà nínú pálọ̀ wa báyìí!"

"Ṣebí ara ẹ mọ́? Jẹ́ kí wọ́n máa wò."

Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo wo eré ọ̀hún, mo rí Kábíyèsí tó ń fi ìbínú gbọn ẹ̀wù yẹn níwájú àwọn ìjòyè rẹ̀, gbogbo wa sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Pálọ̀ obìnrin kan ló ń gbọ̀n lára rẹ̀, a ò mọ̀.

Báwo wá ni ẹ̀wù ṣe di òǹwòran? Kábíyèsí náà ló fà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó ti ojú ihò aṣọ ìkélé yọjú wo àwọn tó wá wòran. Ohun tó rí kó jìnnìjìnnì bá a. Èèyàn ò ju ìwọ̀nba tó lè wọ takisí kan lọ, àga tó ṣófo sì lọ rẹrẹ dé ògiri. Ó padà sórí ìtẹ́ rẹ̀, ó jókòó, ó ní òun ò ṣe.

"Ọba wo ló ń jọba lé àga òfìfo lórí?" ló wí. "Ohùn mi ti lọ. Ẹ wá a, ẹ ò ní rí i."

Olùdarí eré bẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀ ẹ́ tì. Màmá Ẹ̀wù ò bẹ̀ ẹ́ rárá. Ó ní, "Ẹ fún mi láyè díẹ̀," ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ. Ó gbé ẹ̀wù jáde lápá méjèèjì, ó tún padà lọ gbé òmíràn. Ó fi ẹ̀wù kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ki àkísà sínú ìbọ̀sẹ̀ ńlá, ó so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ó dé e ní fìlà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìlà àárín dé ìlà tó kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n pa iná ilé tó ku iná ìtàgé nìkan, orí ló kún ibẹ̀, orí lóríṣiríṣi, wọ́n jókòó jẹ́ẹ́.

Kábíyèsí tún yọjú. "Ẹ gbà mí! Níbo lèrò yìí ti wá?"

"Yàrá mi ni wọ́n ti wá," ni Màmá wí. "Wọn ò ní lọ kó tó parí, wọn ò ní sùn, fóònù wọn ò sì ní dún. Dìde, kó o jọba."

Ó dìde, ó jọba. Ohùn rẹ̀ padà wá láti ibi tó lọ. Kò tan ẹnikẹ́ni jẹ nínú wọn o, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ẹ̀wù ni. Ṣùgbọ́n òṣèré lèèyàn tó mọ̀ pé igi ni idà ọwọ́ òun, tó sì tún ń fi jagun tọkàntọkàn. Láti ọjọ́ yẹn lọ ló ti di òfin ilé: kò sí àga tó gbọ́dọ̀ ṣófo.

Àwọn àgbà ní èèyàn laṣọ. Màmá Ẹ̀wù dojú ọ̀rọ̀ náà délẹ̀, ó ní bí èèyàn ò bá sí, kí aṣọ lọ ṣe èèyàn. Díẹ̀díẹ̀ àwọn ẹ̀wù náà gba orúkọ. Adájọ́ wà ní ìlà tó kẹ́yìn, kì í rẹ́rìn-ín. Bí eré bá dùn gan-an, àwọn òṣèré á ní Adájọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín lónìí. Ìyàwó wà lẹ́bàá rẹ̀, a ò mọ ẹni tó fẹ́ ẹ. Ọ̀gágun wà ní àárín, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán ju ti ọ̀gágun gidi lọ. Èmi alára, mo pẹ́ dé lọ́jọ́ kan, mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ kóòtù kan pé kó bá mi yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé kò lẹ́kọ̀ọ́.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú ìṣe rẹ̀ ni ohun tó máa ń ṣe bí èèyàn gidi bá wọlé. Ibi yòówù kí eré dé, Màmá á yọ́ wá nínú òkùnkùn, á gbé ẹ̀wù kan dìde lórí àga, á rọ òǹwòran náà jókòó, á sì sọ sí i létí pé, "Ẹ jókòó, ẹ má bínú. Ó kàn ń bá yín di àga mú ni." Á wá gbé ẹ̀wù náà padà sí yàrá. Ìrọ̀lẹ́ tó bá gbé ẹ̀wù púpọ̀ padà, ijó ló máa ń jó láàárín irin ìfaṣọkọ́. Mo rí i lẹ́ẹ̀kan. Ó di Ọ̀gágun mú lápá méjèèjì, wọ́n jọ ń yí po, abẹ́rẹ́ ọrùn rẹ̀ sì ń gún Ọ̀gágun láyà. Ọ̀gágun fara dà á.

Mo ní mo ń bọ̀ wá sórí "ló yẹ". Mo ti dé.

Ọ́fíìsì kan wà ní ìlú wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àṣà àti eré. Ọ̀gá kan jókòó síbẹ̀. Nínú owó orí tí èmi àtẹ̀yin ń san ni wọ́n ti ń yọ owó fún un láti fi ran irú ilé yìí lọ́wọ́. Òrùlé ilé eré bẹ̀rẹ̀ sí í jò, Olùdarí sì lọ tọrọ ìrànlọ́wọ́. Ọ̀gá ní àwọn kì í náwó síbi tí kò sí èrò. Olùdarí padà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Ọ̀gá ní ó dáa, òun á yọjú wá wò ó.

Lóòótọ́, ó yọjú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe jẹ́ gan-an: ó yọ ojú. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, eré ti bẹ̀rẹ̀, iná ti kú. Ọ̀gá ò fẹ́ kí bàtà òun tutù, kò sọ kalẹ̀ títí awakọ̀ rẹ̀ fi mú agbòjò wá. Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, ó ti orí bọ̀ ọ́, ó rí orí àwọn èèyàn láti ògiri dé ògiri, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà sínú ọkọ̀. Màmá ì bá wà lẹ́nu ọ̀nà, ì bá sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìtàgé ló wà, ó ń rán ìdí ṣòkòtò ọba tó ya.

Olùdarí lọ gbọ́ èsì. Ó sọ bó ṣe lọ fún mi, ó sì ń sín ohùn ọ̀gá náà jẹ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí i.

"Inú mi dùn sí yín," ni Ọ̀gá wí. "Ilé yín kún dẹ́múdẹ́mú. Ilé tó kún báyẹn, kí ló fẹ́ fi ìrànlọ́wọ́ ṣe?"

"Sà, ẹ̀wù ni."

"Kí ni ẹ̀wù?"

"Àwọn tẹ́ ẹ rí. Ẹ̀wù ni wọ́n, sà. A máa ń gbé wọn sórí àga."

"Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé mi ò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ẹ̀wù ni?"

Olùdarí kò dáhùn, torí ilé rere ni wọ́n ti tọ́ ọ. Èmi wá bá a dáhùn lónìí: bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ohun tá a fẹ́ sọ gan-an nìyẹn.

Ìgbà tó wá yé Ọ̀gá pé òótọ́ ni, ṣé ẹ rò pé ojú tì í? Inú ló bí i. Ó ní wọ́n fi ẹ̀wù tan ìjọba jẹ, pé òun ò ní náwó ìlú lórí ẹlẹ́tàn. Ẹ bá mi ṣírò ọgbọ́n yìí. Ilé ṣófo, kò sówó. Ilé kún, kò sówó. Ilé ò ṣófo, kò sì kún, ẹ̀tàn ni, kò sówó. Báwo ni ilé kan ṣe lè wà tí ọ̀gá yìí á fi ràn án lọ́wọ́? Mo rò ó títí, mi ò rí i. Bóyá bó bá jẹ́ ilé rẹ̀ ni.

Ẹ má rò pé Ọ̀gá nìkan ni mo bá wí. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ọ̀rẹ́ Ilé Eré, àwọn olówó àtàwọn ọ̀mọ̀wé ìlú ló wà nínú rẹ̀. Gbólóhùn kan ni wọ́n ní: "A wà lẹ́yìn yín gbágbáágbá." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n wà lẹ́yìn débi pé béèyàn bá yíjú padà, kò ní rí wọn. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ọ̀kan nínú wọn ṣèlérí páànù òrùlé níwájú gbogbo wa, a pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Fọ́tò náà wà lára ògiri títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ibi tó ń jò jù ló wà, omi ti gba ojú rẹ̀ kọjá. Òmíràn a máa tẹ Olùdarí láago pé kó fi tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ sóun àti ará ilé òun, torí ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Wọ́n á fi ránṣẹ́, kò ní wá. Ta ló máa ń jókòó sórí àga rẹ̀? Ìyàwó ni. Aṣọ ìyàwó tí Màmá fi ọwọ́ rán.

Lẹ́yìn tí wọ́n pe ilé eré ní ẹlẹ́tàn, Màmá Ẹ̀wù gbà pé òun lòun fà á. Kò pariwo, kò sunkún lójú èèyàn. Ó kàn ń yẹra fún owó oṣù rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá pè é pé kó wá gbà á, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ ná, ẹ fi mú páànù kan." Wọ́n dá ẹni tó ń gbálẹ̀ dúró torí kò sówó, Màmá gbé ìgbálẹ̀. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà wá iṣẹ́ mìíràn lọ. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí òjò bá ṣú, òun náà ló ń gun àkàbà lọ gbé garawa sábẹ́ ibi tó ń jò lórí àjà. Obìnrin arúgbó, àrùn ọkàn, lórí àkàbà. Àwa tí ẹsẹ̀ wa le ń bẹ nísàlẹ̀, à ń ní, "Màmá, ẹ rọra o."

Ọmọ rẹ̀ bá a jà. "Màmá, dókítà ní kẹ́ ẹ sinmi."

"Mò ń sinmi. Ìgbà tí mo bá ń rán nǹkan, ṣé ìdúró ni mo máa ń wà?"

"Oògùn yín ńkọ́?"

"Mò ń jẹ ẹ́."

Ó ń jẹ ẹ́ lóòótọ́. Lẹ́yìn tó kú ni ọmọ rẹ̀ tú àpò rẹ̀, tó bá oògùn náà nínú agolo bọ́tìnnì. Àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ ló fi gé gbogbo rẹ̀ sí méjì-méjì, kó lè pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé wọn dọ́gba, ọmọ náà ní. Ó gé wọn dáadáa bíi pé ó fẹ́ fi rán nǹkan. Ìgbà tó sọ èyí fún mi ni mo kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, mo lọ dúró níta.

Ẹ̀yin á fẹ́ mọ ìdí tí Màmá fi jókòó sáàárín ẹ̀wù lọ́jọ́ Sátidé. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ náà, òrùlé jò sí yàrá aṣọ, ọ̀kan nínú àwọn kóòtù sì rin gbingbin. Kò ṣeé gbé sórí àga. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adájọ́. Olùdarí ní kó fi sílẹ̀, àga kan ò ní nǹkan kan ṣe. Màmá ní òfin ni òfin. Ó bọ kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ sọ́rùn, ó dé fìlà, ó ní, "Ẹsẹ̀ tiẹ̀ ń dùn mí. Ẹ jẹ́ n bá kóòtù yẹn jókòó."

Ẹ̀wù ti ń jókòó dípò èèyàn tipẹ́ nínú ilé yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, èèyàn jókòó dípò ẹ̀wù, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ẹni tó bá ní òun ò mọ ohun tó pa á, kó lọ wo òrùlé.

Ìdágbére wáyé nínú ilé eré kan náà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé kún? Èèyàn gidi ló kún un, tọkọtaya, tọmọtọmọ, àwọn kan dúró lẹ́bàá ògiri. Ọ̀gá ọ́fíìsì àṣà wá, bàtà rẹ̀ ò tutù, torí oòrùn ló ràn. Ọ̀rẹ́ Ilé Eré pé pérépéré. Òdòdó tí wọ́n gbé wá, ká sọ òótọ́, bí wọ́n bá fi owó rẹ̀ ra páànù ni, à bá má rójú ọ̀run láti inú ilé mọ́. Ìgbà téèyàn bá kú là ń dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀gá dìde, ó pe Màmá ní òpó, ó pè é ní ìmọ́lẹ̀, ó pè é ní odò tí kì í gbẹ. Kò sọ ọ́ rárá pé abẹ́rẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo fura pé kò mọ̀. Ó wá ní ọ́fíìsì òun á kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri ilé náà kó má bàa pa rẹ́.

Onídìrí, ọmọ olóògbé, ló dá a lóhùn láti ìjókòó rẹ̀. "Ẹ ṣeun, sà. Ògiri wo? Ṣé èyí tí omi ń gbà kọjá ni?"

Ẹ̀rín sọ níbi òkú. Mi ò ní purọ́, èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn dùn. Obìnrin náà wá dìde dúró, ó kọjú sí wa, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu kálukú.

"Ìyá mi máa ń gbé ẹ̀wù kúrò lórí àga ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá dé," ló wí. "Lónìí, ẹ̀wù kan ò sí lórí àga. Gbogbo wọn wà nínú yàrá. Ká ní ó rí yín báyìí, ijó ni ì bá jó. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Ẹ pẹ́ díẹ̀ ni."

Ó jókòó. Kò sí ẹni tó mọ ibi tó yẹ kó fojú sí. Mo wo Ọ̀gá. Agogo ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tí mo fẹ́. Onílé ti ní bí owó ilé ò bá wọlé kí oṣù yìí tó parí, òun á ti ilẹ̀kùn, òun á tún máa kó kẹ̀kẹ́ síbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í sunkún. Á bá irú ìlú tí a ń dà mu. Mo fẹ́ kí ọ́fíìsì àṣà sọ fún wa, ní gbangba, ibi tí owó tí wọ́n yọ fún eré gbà lọ, àti ilé eré tó jẹ ẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ "ẹlẹ́tàn" padà, torí wọ́n fi sin obìnrin kan. Ẹ̀yin Ọ̀rẹ́ Ilé Eré, mo fẹ́ kẹ́ ẹ kúrò lẹ́yìn wa, kẹ́ ẹ bọ́ síwájú, níbi tí Olùdarí ti lè rí ọwọ́ yín. Kí ẹni tó ṣèlérí páànù gbé páànù wá, tàbí kó wá yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, omi ti ń ba ojú rẹ̀ jẹ́. Àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, tẹ́ ẹ̀ ń mi orí, tẹ́ ẹ̀ ń ní "ó mà ṣe o": tíkẹ́ẹ̀tì ò wọ́n. Ẹ ra ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ wá. Kóòtù kan wà níbẹ̀ tó ti ń bá yín di àga mú tipẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Eré ń bẹ lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, eré aláwàdà yẹn náà ni. Kábíyèsí ló ń to ẹ̀wù báyìí, kò mọ̀ ọ́n tò, Ọ̀gágun wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó mutí. Nígbà tó dé àga ẹ̀gbẹ́ Adájọ́, wọ́n ní kó fi kóòtù iṣẹ́ Màmá síbẹ̀ fún ìrántí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní èèyàn ló kú lórí àga yẹn, èèyàn ni yóò jókòó sí i.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì àga náà. Mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá ọ́fíìsì àṣà, ó ti dé ọwọ́ rẹ̀, akọ̀wé rẹ̀ ló gbà á. Kó wọlé, kó jókòó, kó wo eré tán. Bí òjò bá rọ̀, inú ilé náà ni bàtà rẹ̀ ti máa tutù. Bí kò bá sì wá, kò burú. Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní fi ẹ̀wù kankan bá a bò ó. A ó tan gbogbo iná ilé náà, àga yẹn á ṣófo, gbogbo wa á sì jókòó, a ó máa wò ó.